Ẹ̀jẹ̀ Kan, Àyẹ̀wò Mẹ́ta

Ìwé ìkéde tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì náà tóbi débi pé ẹni tí ojú ń dùn pàápàá á rí i kà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò gùn: bí a bá gba ẹ̀jẹ̀ rẹ lónìí, a ó yẹ̀ ẹ́ wò fún HIV, fún mẹ́dọ̀wú B àti fún mẹ́dọ̀wú C, bí o kò bá fẹ́, sọ fún nọ́ọ̀sì. Gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ni ilé ìwòsàn yìí wà, ní àdúgbò tí èèyàn ti ń gbọ́ Yorùbá nínú bọ́ọ̀sì àti lọ́jà. Láti oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò yìí ní Lọ́ńdọ̀nù àti láwọn ìlú mìíràn tí HIV ti pọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bíi Brighton, Manchester àti Blackpool. Kó tó di ìgbà náà, dókítà ní láti fura sí aláìsàn kó tó bi í bóyá ó fẹ́ ṣe àyẹ̀wò. Ní báyìí, kò sí pé à ń fura sí ẹnì kan. Wọ́n kàn ń fi ìgò kékeré kan kún ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà tẹ́lẹ̀ ni.

Ìyá àgbàlagbà kan tó wé gèlè sábẹ́ fìlà òtútù jókòó sítòsí mi. Inú ló ń run ún. Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, ó sì ti ń bá a sọ Yorùbá kó tó so rọ́bà mọ́ ọn lápá.

"Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. A máa yẹ ẹ̀jẹ̀ yìí wò fún HIV àti mẹ́dọ̀wú náà, àfi bí ẹ bá ní ẹ ò fẹ́."

"HIV kẹ̀? Èmi? Bàbá wọn ti kú tipẹ́, n kò sì mọ ọkùnrin kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ta ló sọ fún yín pé mo ní HIV?"

"Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀, Màmá. Gbogbo àgbàlagbà tí a bá gba ẹ̀jẹ̀ wọn níbí la ń ṣe é fún, àti òyìnbó àti dúdú. Bí ẹ bá kọ̀, ìtọ́jú yín ò ní í yí padà."

Ìyá náà dákẹ́ díẹ̀. Ó wo ìwé ara ògiri, ó wo nọ́ọ̀sì. "Èló ni?"

"Ọ̀fẹ́ ni, Màmá."

"Ó dáa, ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí nǹkan, èmi ni kí ẹ sọ fún o, ẹ má sọ fún ọmọ mi."

"Ẹ̀yin nìkan ṣoṣo ni, Màmá."

Ó gbà kí n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí n kò bá ti dárúkọ òun. Mo kọ ọ́ nítorí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Lórí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ tí mo wá wò dúró lé, láti orí abẹ́rẹ́ títí dé orí tábìlì àwọn tó ń ka iye àwọn aláìsàn.

Àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka náà sọ fún mi pé mẹ́dọ̀wú B tí àwọn ń rí ju bí àwọn ṣe rò lọ. Kò yẹ kó ya ẹni tó mọ ilé lẹ́nu. Lọ́dún 2018, nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí ńlá tí wọ́n ń pè ní NAIIS ní Nàìjíríà, láti ilé dé ilé ní gbogbo ìpínlẹ̀ àti Àbújá, àrùn mẹ́ta yìí kan náà ni wọ́n wá nínú ẹ̀jẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, bí 1.4 ló ní HIV, 1.1 ní mẹ́dọ̀wú C, 8.1 ní mẹ́dọ̀wú B. Iye àwọn tó ní B fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́fà iye àwọn tó ní HIV, síbẹ̀ ìgbà mélòó la ń gbọ́ ìkéde nípa rẹ̀ lórí rédíò? B ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò tíì ní oògùn tó ń lé e lọ pátápátá. C kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ṣùgbọ́n ó ní oògùn tó ń wò ó sàn tán. C yìí gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ jáde nílé, àti ọ̀nà kan tó ń gbà ràn tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ sí.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ lọ sí àárín ìlú, sí ilé ìwòsàn àrùn ìbálòpọ̀ kan tí ẹ̀ka HIV wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe èèyàn níbẹ̀, wọn kì í pariwo orúkọ. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹni tó rán ọ wá. Àṣà yìí ti pẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1916, lásìkò Ogun Àgbáyé Kìíní, ìjọba ṣòfin pé kí wọ́n máa tọ́jú àrùn ìbálòpọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ní bòókẹ́lẹ́. Wọ́n ti rí i pé ẹni tí ojú bá ń tì kò ní wá, ẹni tí kò bá sì wá, àrùn ara rẹ̀ á ràn dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò lè tọ̀ ọ́ dé.

Dókítà tó mú mi yíká ẹ̀ka HIV ti ń ṣiṣẹ́ yìí kí ọ̀rọ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní lẹ́yìn ọdún 2000 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan tó rú wọn lójú. Àwọn ọkùnrin tó ní HIV máa ń wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ara wọn le, oògùn HIV ń ṣiṣẹ́ lára wọn, ojú wọn kò pọ́n. Ṣùgbọ́n ALT, èròjà kan tó ń tú jáde sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí nǹkan bá ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, á kàn ròkè lójijì. Oògùn HIV fúnra rẹ̀ ni dókítà á kọ́kọ́ fura sí, nítorí àwọn kan nínú oògùn àtijọ́ máa ń yọ ẹ̀dọ̀ lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n wá a dáadáa, mẹ́dọ̀wú C ni wọ́n bá níbẹ̀, tuntun, èyí tí kò sí nínú àyẹ̀wò tó ṣáájú.

Ohun tó mú kó rú wọn lójú ni pé ẹ̀jẹ̀ sí ẹ̀jẹ̀ ni mẹ́dọ̀wú C ń gbà ràn: abẹ́rẹ́ tí ẹni méjì jọ lò, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà síni lára láìyẹ̀ ẹ́ wò, abẹ tí wọn kò sè. Láàárín lọ́kọláya, ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2013, tí wọ́n ṣe lórí tọkọtaya tí ọ̀kan nínú wọn ní in, ṣírò rẹ̀ pé yóò tó ìgbà 190,000 tí wọ́n bá sùn pọ̀ kó tó ràn lẹ́ẹ̀kan. Kí obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ní in ka gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀mejì kó tó lé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ọkùnrin tí dókítà yìí ń sọ̀rọ̀ wọn, tí wọ́n ń bá ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn lò pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gún abẹ́rẹ́ oògùn olóró rí. Báwo ló ṣe wọlé sí wọn lára?

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú yàrá nọ́ọ̀sì. Kì í ṣe ohun tó bójú mu kí n jókòó ti aláìsàn níbẹ̀, nítorí náà nọ́ọ̀sì àgbà ní kí èmi fúnra mi jókòó sórí àga kí òun bi mí bí wọ́n ṣe ń bi gbogbo èèyàn. Ó bẹ̀rẹ̀. Àwọn wo lo bá lò pọ̀ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọkùnrin, obìnrin, àbí méjèèjì? Ẹ lo rọ́bà ìdáàbòbò? Ẹ̀jẹ̀ jáde? Oògùn wo lẹ lò nígbà tí ẹ ń ṣe é? Ẹ fà á sí imú? Ẹ jọ lo ohun tí ẹ fi fà á? Ẹ gún un? Ohùn kan náà ló fi béèrè gbogbo rẹ̀, bí ẹni ń béèrè ohun tí mo jẹ láàárọ̀. Èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ilé tí a kì í ti í sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sétí àgbà, ojú tì mí títí mo fi ń wo ilẹ̀. Ó rí i, kò sì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

"Bí mo bá fajú ro, kò ní sọ òtítọ́ fún mi mọ́," ló wí lẹ́yìn náà. "Bí kò bá sì sọ òtítọ́, èmi náà ò ní mọ àyẹ̀wò tó yẹ kí n ṣe."

Irú ìbéèrè báyìí ló tú àṣírí àrùn náà. Ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọkùnrin tó ní HIV ní Lọ́ńdọ̀nù àti Brighton, tó jáde lọ́dún 2007, fi hàn pé ìbálòpọ̀ tó lè fa ọgbẹ́, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, lábẹ́ agbára oògùn olóró, ló so mọ́ ọn. Kòkòrò náà máa ń wà nínú àtọ̀ àti nínú ìdí ẹni tó ní in. Awọ inú ìdí kì í pẹ́ bó, àwọn àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn tó ń dá egbò síbẹ̀ sì ń ṣílẹ̀kùn fún un. Kì í tètè kú: àyẹ̀wò láàbù ti fi hàn pé ó lè wà láàyè lórí nǹkan tó ti gbẹ títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi ń béèrè nípa ìgò ọ̀rá, nípa ìbọ̀wọ́, nípa owó bébà tí wọ́n ká láti fi fa oògùn sí imú.

Wọ́n gbé àwọn ìgò ẹ̀jẹ̀ lọ sí láàbù, mo sì tẹ̀ lé wọn. Kò sí orúkọ tí mo lè rí kà lára wọn, ìlà dúdú dúdú tí ẹ̀rọ ń kà nìkan ni. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ń wá áńtíbọ́dì, ohun tí ara pèsè láti fi bá kòkòrò náà jà. Ìṣòro méjì ló wà níbẹ̀. Ó máa ń tó oṣù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó hàn, ó sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lára ẹni tó ní HIV. Bó bá sì ti hàn, kì í lọ mọ́, àní bí àrùn bá ti san. Àyẹ̀wò kejì, RNA, ló ń wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀, ó sì lè rí i láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tó wọlé. Ẹni tó ti ní in rí tó sì ti gbádùn, RNA nìkan ló lè sọ bóyá ó ti tún kó o.

Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan pè mí síwájú kọ̀ǹpútà. Ó ti to àbùdá kòkòrò tí wọ́n rí lára onírúurú èèyàn sójú kan, ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín tó ń ya ẹ̀ka. Kòkòrò yìí máa ń yí díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń bí sí i, ṣùgbọ́n àwọn tó bá jẹ́ ìran kan náà á ṣì jọra. Bí àgbà ìgbà kan ṣe ń wo ilà ojú àlejò kó tó mọ ilé tó ti jáde, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń wo àwọn ìlà náà. Ọ̀nà yìí ni àwọn onímọ̀ gbà lọ́dún 2009 tí wọ́n fi rí i pé kòkòrò tó wà lára àwọn ọkùnrin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Netherlands, Faransé àti Jámánì jẹ́ ìran kan náà lọ́pọ̀ ìgbà. Àrùn kan ṣoṣo ló ń wọkọ̀ òfuurufú kiri láti ìlú ńlá kan sí èkejì.

Colindale ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù ni gbogbo ìròyìn wọ̀nyí ń lọ, sí iléeṣẹ́ UKHSA tó ń mójú tó àrùn nílẹ̀ náà. Òfin ọdún 2010 sọ ọ́ di dandan kí dókítà jábọ̀ mẹ́dọ̀wú tuntun. Ti HIV yàtọ̀: kò sí lórí àtẹ òfin yẹn, àwọn ilé ìwòsàn ló fínnúfíndọ̀ ń jábọ̀ rẹ̀, láìfi orúkọ ránṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é wù mí púpọ̀. Wọ́n á sọ orúkọ ìdílé di lẹ́tà kan àti nọ́ńbà mẹ́ta, wọ́n á fi ọjọ́ ìbí àti bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni kún un. Mo mú bírò, mo ṣe ti àwa náà wò. Adébáyọ̀ di A310. Adébóyè náà, A310 ni. Ẹni tó bá rí A310 nínú ìwé kò lè mọ èwo nínú wọn, àti pé àìmọye orúkọ mìíràn tún lè wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹni kan náà bá lọ sí ilé ìwòsàn méjì, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà yẹn á jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe ẹni méjì, wọn ò sì ní kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí irú kíkà bẹ́ẹ̀ fi hàn fún mi láyọ̀. Láàárín ọdún 2013 sí 2018, àwọn ilé ìwòsàn HIV márùn-ún ní Lọ́ńdọ̀nù àti Brighton rí mẹ́dọ̀wú C tuntun 378 láàárín àwọn ọkùnrin tó ní HIV tí wọ́n ń bá ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn lò pọ̀. Nínú rẹ̀, 86 jẹ́ ti àwọn tó ti ní in rí tí wọ́n tún kó o. Lọ́dún 2015 tó le jù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹni 15 nínú ẹgbẹ̀rún kan láàárín ọdún kan. Nígbà tó fi máa di 2018, kò tó ẹni 5 mọ́. Kí ló yí padà? Oògùn ni. Abẹ́rẹ́ interferon tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ lè gba ọ̀sẹ̀ 48, ó ń fa ibà, ó ń fa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, kì í sì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo èèyàn. Àwọn oníhóró tuntun tó jáde láti nǹkan bí ọdún 2014 ń gba ọ̀sẹ̀ 8 sí 12, wọ́n sì ń wo ju 95 lọ nínú ọgọ́rùn-ún sàn. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti yá kò lè kó o ran ẹlòmíràn. Ní àwọn ilé ìwòsàn márùn-ún yẹn, àkókò láti ìgbà tí wọ́n rí àrùn sí ìgbà tí oògùn bẹ̀rẹ̀ wálẹ̀ láti nǹkan bí oṣù 30 sí oṣù tí kò pé 4. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Netherlands: ìjọba ṣí oògùn náà sílẹ̀ fún gbogbo aláìsàn ní ìparí ọdún 2015, mẹ́dọ̀wú C tuntun láàárín àwọn ọkùnrin tó ní HIV sì já láti 93 lọ́dún 2014 sí 49 lọ́dún 2016.

Ṣùgbọ́n ibi kan wà tí ìṣọ́ yìí kò kọ́kọ́ dé. Ẹni tó ní HIV ni wọ́n ń wò, nítorí òun ló ń wá gba ẹ̀jẹ̀ déédéé. Lọ́dún 2015, ní Amsterdam, ètò kan bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọkùnrin tí kò ní HIV ní PrEP, oògùn tí kì í jẹ́ kí HIV wọlé. Nínú 375 tí wọ́n yẹ̀ wò níbẹ̀rẹ̀, 18 ti kó mẹ́dọ̀wú C, èyí tó sì pọ̀ jù nínú kòkòrò ara wọn jẹ́ ìran kan náà pẹ̀lú ti àwọn tó ní HIV. Ibi tí ìwé àwọn dókítà ti pín wọn sí méjì, kòkòrò kò mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń mú àyẹ̀wò C mọ́ ti PrEP.

Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ Colindale, ọmọ Ẹ̀gbá, bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń ka irú àwọn ọkùnrin wọ̀nyí nílé?" Ó ti mọ ìdáhùn. Ní oṣù kìíní ọdún 2014 ni Nàìjíríà fọwọ́ sí òfin tó lè rán ọkùnrin méjì tó bá fẹ́ ara wọn lọ sẹ́wọ̀n ọdún 14. Àwọn olùwádìí tó ti ń tọ́jú irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ fún HIV ní Àbújá kí òfin náà tó jáde fi ti ìṣáájú wé ti ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2015: iye àwọn tó ń bẹ̀rù àtilọ sílé ìwòsàn ròkè. Ohun yòówù kí ẹnikẹ́ni rò nípa òfin náà, aláìsàn tó ń sá fún dókítà kò sí nínú ìṣirò kankan, àrùn ara rẹ̀ kò sì dúró sí ara rẹ̀ nìkan. Àwọn kan nínú irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ní ìyàwó nílé.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí ohun tí mo rí yìí pe mẹ́dọ̀wú C ní àrùn àwọn kan. Ní Nàìjíríà, abẹ́rẹ́ tí kò mọ́, ẹ̀jẹ̀ tí wọn kò yẹ̀ wò àti abẹ ló yẹ ká kọ́kọ́ bẹ̀rù.

Ẹni tó mú mi dé ilé ìpoògùn níkẹyìn kì í ṣe dókítà. Ọkùnrin tó ti ní HIV fún ọ̀pọ̀ ọdún ni, ó kó mẹ́dọ̀wú C lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń bá ilé ìwòsàn ṣiṣẹ́ báyìí láti máa bá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o sọ̀rọ̀. Nígbà kejì, ó ní òun rò pé wọ́n máa lé òun ni. Wọ́n tún fún un ní oògùn. Lẹ́yìn tó lò ó tán, wọ́n dúró ọ̀sẹ̀ 12, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọn kò rí kòkòrò kankan mọ́. Iṣẹ́ tó gbà á lákòókò jù ni kó kọ́ àwọn tó ti gbádùn ní ohun tí wọ́n máa wí bí wọ́n bá dé ilé ìwòsàn mìíràn, tí dókítà ibẹ̀ rí áńtíbọ́dì tó sì sọ fún wọn pé wọ́n ní mẹ́dọ̀wú C. Ó ti tẹ ọ̀rọ̀ náà sórí káàdì pélébé: wọ́n ti tọ́jú mi, ó ti san, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe àyẹ̀wò RNA fún mi. Ẹ̀yìn káàdì náà ló ń kọ ọjọ́ àyẹ̀wò tó kàn sí, nítorí ẹni tó ti sàn rí ṣì lè tún kó o.